Ajá Àgbà àti Ọ̀rá Ara: Bí A Ṣe Lè Ràn Án Lọ́wọ́

Láàárín gbogbo ẹran tí à ń sìn ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ènìyàn tó ajá. Ó ń bá ọdẹ wọ igbó, ó ń ṣọ́ oko, ó ń ṣọ́ ilé, ó sì máa ń dá ìró ẹsẹ̀ onílé mọ̀ kí onílé tó kan ilẹ̀kùn. Àwọn baba ńlá wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣòro ajá tí ó sanra jù. Ajá ọdẹ a máa rìn láti ìdájí títí di ọ̀sán. Ohun tí ó bá jẹ lálẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò ná an tán.

Lóde òní, ọ̀ràn ti yí padà. Ní Ìbẹfun níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Odògbolú àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní ògiri àti géètì. Nínú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni à ń sin ajá ńlá bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel, tàbí àdàlù wọn pẹ̀lú ajá ìbílẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun ni ó rà á fún àwọn òbí rẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ wọn. A ń dè é ní ọ̀sán, a ń tú u sílẹ̀ ní alẹ́, ibi tí ó sì lè rìn dé kò ju ẹ̀yìn ilé lọ. Ọdún ń gorí ọdún, ajá àti onílé sì jọ ń dàgbà. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹjọ, ajá tí ó máa ń fò sókè bí a bá ṣí géètì kò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí. Àwọn ará ilé a wí pé, “Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti dé.” Ọjọ́ ogbó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹrù ọ̀rá ni ó ń fa ajá náà sẹ́yìn ju ọjọ́ orí lọ. Ọjọ́ orí kò ṣeé dá padà, ẹrù ọ̀rá ṣeé sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi yé wa ni pé ọ̀rá ara ajá àgbà kì í ṣe ẹ̀rí ìtọ́jú. Àpapọ̀ inú rere ènìyàn púpọ̀ ni, tí ẹnì kankan kò sì ka iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajá rẹ̀ pẹ́ láyé, tí ó sì fẹ́ kí ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, níbi kíkà iye náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ajá ti sanra jù

Ìgbà ogbó kò dé bá gbogbo ajá ní ọjọ́ kan náà. Ajá ńlá máa ń wọ ipò àgbà ní nǹkan bí ọdún 7. Ajá kékeré lè tó nǹkan bí ọdún 10. Bí ajá bá ti ń dàgbà, iṣan ara rẹ̀ ń dín kù, ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ sì ń kéré sí i. Bí abọ́ rẹ̀ bá ṣì ń kún bí ó ti ń kún nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3, ohun tí ara kò ná ni yóò kó pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá. Bákan náà ni ajá tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í nílò oúnjẹ tó bí ó ti ń nílò tẹ́lẹ̀.

Ojú nìkan kò tó láti fi dá ọ̀rá mọ̀. Ojú wa ti mọ́ ajá tí à ń rí lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ sì ni ọ̀rá ń wọlé. Ọwọ́ ni kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ yín kan ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì pa orí àwọn oríkèé rẹ̀. Bí ìhà ajá bá rí gbágungbàgun báyẹn, ó ti rù jù. Ẹ wá tẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ pa ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹ ti lè mọ egungun lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́. Bí ìhà ajá ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ tẹ ibi tí ẹran ti nípọn nísàlẹ̀ àwọn ìka. Bí ìhà ajá bá rí bí ibẹ̀, tí ó di dandan kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kan egungun, ó ti sanra jù.

Ẹ tún dúró lókè rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́yìn ìhà. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí ikùn rẹ̀ máa gòkè lọ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó má ṣe rọ̀ sílẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko ní òṣùwọ̀n kan láti 1 dé 9 tí wọ́n fi ń sọ èyí: 1 ni ajá tí ó rù kan egungun, 4 àti 5 ni ó dára jù, 9 sì ni èyí tí ọ̀rá ti bò mọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ni ìwọ̀n ajá fi ń ju bí ó ti yẹ lọ fún ipele kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà kọjá 5.

Ohun tí ọ̀rá ń fi ajá àgbà ṣe

Oríkèé ni ó kọ́kọ́ ń jìyà. Ajá tí ó yẹ kí ó wọn kílò 30 ṣùgbọ́n tí ó wọn kílò 36 dà bí ẹni tí ó gbé àpò gààrí oníkílò 6 kọ́rùn láti àárọ̀ dé alẹ́, tí kò sì rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní ìgbà ogbó tí làkúrègbé ń wọ ìbàdí àti orúnkún, ìrora ẹrù náà a máa pọ̀ sí i. Bí ó bá ti ń dùn ún, kò ní fẹ́ rìn. Bí kò bá rìn, yóò túbọ̀ sanra, iṣan tí ó yẹ kí ó gbé e ró yóò sì máa yọ̀ lọ.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn. Nípa fífi ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ọ̀rá abẹ́ awọ dà bí aṣọ òtútù tí kò ṣeé bọ́, ọ̀rá inú àyà àti ikùn kò sì jẹ́ kí èémí jáde dáadáa. Nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní oṣù kẹta, ọ̀ràn ẹ̀mí lè ni èyí fún ajá àgbà. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá sì dé, oògùn tí a fi ń mú un sùn léwu fún ajá tí ó sanra ju fún èyí tí kò sanra lọ.

Ìwádìí kan wà tí ó fi iye ọdún hàn. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tọ́ ajá Labrador 48 láti ìgbà ọmọdé wọn títí wọ́n fi kú. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì láti inú ìyá kan náà. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jẹ ìdá 25 nínú 100 kéré sí ti èkejì. Ní ọdún 2002 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ìsọ̀rí tí ó ń jẹun púpọ̀, ìdajì wọn ti kú nígbà tí wọ́n fi pé ọdún 11.2. Nínú ìsọ̀rí tí a ń wọn oúnjẹ fún, ó di ọdún 13 kí ìdajì wọn tó kú. Àwọn tí a ń wọn oúnjẹ fún pẹ́ kí wọ́n tó nílò ìtọ́jú làkúrègbé pẹ̀lú. Ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án ó lé ni ìyàtọ̀ náà. Lójú ènìyàn, ó lè dà bí ohun kékeré. Nínú ayé ajá, ó ju ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ọjọ́ rẹ̀ lọ.

Dókítà kí ó tó di oúnjẹ

Kì í ṣe gbogbo ikùn tí ó tóbi ni ó jẹ́ ti ọ̀rá. Aràn, àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí ti ọkàn lè mú kí ikùn wú nígbà tí ẹ̀yìn àti itan ń rù. Àwọn àìsàn kan sì wà tí wọ́n ń mú ajá sanra tàbí tí wọ́n ń jẹ́ kí ikùn rẹ̀ rọ̀ láìjẹun púpọ̀, bí èyí tí ń wá nígbà tí ẹṣẹ́ ọrùn kò ṣiṣẹ́ tó. Ajá bẹ́ẹ̀ a máa sùn ṣáá, irun rẹ̀ a máa re, ara rẹ̀ a sì máa tutù. Bí a bá dín oúnjẹ irú ajá yìí kù láìtọ́jú àìsàn rẹ̀, ìyà lásán ni a fi jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Yóò wọn ajá náà, yóò gbọ́ ọkàn rẹ̀, yóò wo eyín àti oríkèé rẹ̀. Ó sì lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ ipò kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀ràn bá ju agbára ilé ìwòsàn ìtòsí lọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ni fún ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kan náà, kí a bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn dígbòlugi, nítorí ajá tí a fẹ́ máa mú rìn láàárín ìlú gbọ́dọ̀ ti gbà á.

Ìkìlọ̀ kan pọn dandan níhìn-ín. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ajá, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò. Parasitámọ́ọ̀lù àti ibuprofen lè ba ẹ̀dọ̀, ikùn tàbí kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti pa ajá púpọ̀. Oògùn tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ dókítà.

Ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe

Kálórì ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan tí ó rọrùn wà fún ajá tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín kílò 2 àti 45. A ó mú ìwọ̀n tí ó yẹ kí ajá náà wọn, kì í ṣe ìwọ̀n tí ó wọn lónìí. A ó sọ ọ́ di ìlọ́po 30, a ó sì fi 70 kún un. Ẹ jẹ́ kí a mú ajá kan tí ó wọn kílò 36, tí dókítà sì sọ pé kílò 30 ni ó yẹ ẹ́. Ọgbọ̀n lọ́nà ọgbọ̀n jẹ́ 900; bí a bá fi 70 kún un, ó di 970. Kálórì bí 970 ni ìpín rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ohun gbogbo tí ó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé sì wà nínú rẹ̀. Dókítà lè fi díẹ̀ kún un tàbí kí ó yọ díẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí ara ajá bá ṣe dáhùn.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé èyí ka oúnjẹ ilé wa. Gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ ní nǹkan bí kálórì 350. Bí a bá fi gíráàmù 250 gààrí tẹ ẹ̀bà fún ajá náà, kálórì bí 875 ti wọlé. Bí a bá da ṣíbí ìjẹun ńlá méjì epo pupa lé e, ṣíbí kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 120, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti di 1,115. Ajá náà ti kọjá ìpín rẹ̀, kò sì tí ì rí ẹran tàbí ẹja kan jẹ. Ìdí nìyí tí ajá fi lè sanra kí ó sì tún máa pàdánù iṣan: ohun tí ń di ọ̀rá ni ó ń jẹ púpọ̀, ohun tí ń tún ara ṣe kò sì tó o.

Kí ó tó di pé a dín ohunkóhun kù, kí ará ilé kan mú ìwé, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ajá bá jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó fún un. Ìwé kékeré yìí máa ń sọ òtítọ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ géètì fún un ní ègé búrẹ́dì ní àárọ̀. Ọmọdé ju àkàrà sí i kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó wà ní ìdáná gbé ìkòkò fún un kí ó lá ìdí rẹ̀. Ìyá àgbà fún un ní orí ẹja ní ọ̀sán, Bàbá sì yọ ẹran fún un nídìí tábìlì ní alẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Olúkúlùkù fún un ní díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣe àṣejù. Ajá nìkan ni ó gba gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú abọ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a pín ẹ̀bà sí méjì, kí a sì fún ajá ní ìdajì. Ebi yóò pa á, iṣan rẹ̀ yóò sì máa yọ̀ lọ. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a dín oúnjẹ afáralókun àti epo kù, kí amúaradàgbà má sì dín. Ẹja tí a bọ̀ tí a sì yọ egungun rẹ̀ dáadáa, ẹyin bíbọ̀, ẹran tí kò lọ́ràá àti adìyẹ tí a bó awọ rẹ̀ dára. Fún ajá tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé, dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n amúaradàgbà tí ó yẹ. Kí ikùn lè kún láìfi kálórì púpọ̀ kún un, a lè fi elégédé bíbọ̀, kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ láìsí iyọ̀, ata tàbí epo pò ó pọ̀.

Oúnjẹ tí a sè nílé nìkan kì í sábà ní gbogbo èròjà tí ara ajá nílò, pàápàá jùlọ kálísíọ́ọ̀mù tí ń mú egungun le. Nítorí náà kí dókítà sọ ohun tí a ó fi kún un. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè ra oúnjẹ ajá gbígbẹ tí a ṣe fún ajá tí ó fẹ́ fọn. Kí ó máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n tàbí ife kan ṣoṣo, kí ó má ṣe máa fi ojú dá a. Ìyípadà láti oúnjẹ kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ 7 sí 10, kí inú ajá má bàa dàrú.

Ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò yẹ fún ajá rárá. Epo wà nínú rẹ̀, iyọ̀ àti ata wà nínú rẹ̀, èyí tí ó burú jù sì ni àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, sísè kò sì mú oró náà kúrò. Kí a yẹra fún ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, ọtí, àti ṣingọ́ọ̀mù tí a fi xylitol dùn dípò ṣúgà. Egungun tí a ti sè náà léwu: ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣóṣóró, ó sì lè gún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun.

Ìgbà ọdún ni kí a ti ṣọ́ra jù. Nígbà Kérésìmesì, nígbà Àjíǹde, àti ní ọjọ́ kẹta Iléyá tí Ojúde Ọba ń pe àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú jọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àlejò pọ̀, ẹran pọ̀, gbogbo wọn sì fẹ́ ṣe ajá lóore. Ọ̀rá ẹran púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí ẹ̀yà ara tí ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ wú lójijì. Ajá a máa bì, ikùn a máa run ún, ó sì lè kú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a so ajá sí ẹ̀yìn ilé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, pẹ̀lú omi mímu àti oúnjẹ tirẹ̀.

Ọ̀nà àtifún-ni tí kò fi kún ìwọ̀n

Ibi tí ó le jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ajá, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni. Ní ilẹ̀ wa, oúnjẹ ni a fi ń kí àlejò, òun ni a fi ń dúpẹ́, òun náà ni a fi ń tọrọ àforíjì. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú káàkiri, tí ajá nìkan sì ń jókòó tì í ní ọ̀sán, kò ní gbà kí ọmọdé kan wá pàṣẹ fún òun pé kí òun má bọ́ ọ. Kò sì yẹ kí ọmọdé pàṣẹ fún un.

Ọ̀nà kan wà tí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti wọn ìpín ajá fún ọjọ́ náà, kí a bu ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sínú agolo kékeré kan tí ó ní ìdérí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé agolo náà lọ fún Ìyá àgbà, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì wí pé: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ti ajá yín rèé. Inú èyí ni kí ẹ ti máa fún un. Dókítà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún nítorí ọ̀rá.” Ọwọ́ Ìyá ṣì ń fún ajá ní oúnjẹ, ajá ṣì ń sá tọ̀ ọ́ wá, ìwọ̀n oúnjẹ ọjọ́ náà kò sì yí padà. Bí agolo bá ti ṣófo, ó di ọ̀la. Àwọn tí ó kù nínú ilé gbọ́dọ̀ gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bu oúnjẹ sínú abọ́, àkókò kan náà ni yóò sì máa jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ojú tí ajá fi ń wo ènìyàn nígbà tí à ń jẹun máa ń wọni lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ebi. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ajá Labrador tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní àbùkù kan nínú àjogúnbá wọn, tí ó ń mú kí wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀bẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ní tán, bí a tilẹ̀ fún un ní gbogbo ìkòkò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àfiyèsí ni ajá ń wá. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tí a fi ọwọ́ pa á lórí, tàbí tí a bá a rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó lè padà lọ dùbúlẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn.

Ìrìn díẹ̀díẹ̀

Oúnjẹ ni ó ń dín ọ̀rá kù jù. Ìrìn ni ó ń pa iṣan mọ́. Ajá àgbà tí kò tí ì rìn fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ sáré. Kí a fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí oòrùn tó mú ní àárọ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá ti rọlẹ̀. Kí a máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ tàbí koríko sàn fún oríkèé ju ọ̀dà lọ, ọ̀dà tí oòrùn ti pa sì lè jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kí okùn wà ní ọrùn rẹ̀ nítorí ọkọ̀, ọ̀kadà àti àwọn ọmọdé tí ẹ̀rù ajá ń bà. Bí ó bá ń mí púpọ̀ jù, tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí a dúró lábẹ́ ibòji, kí a fún un ní omi, kí a sì fi omi tútù rẹ ara rẹ̀. Bí kò bá tètè balẹ̀, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nínú ilé, kí a tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí táìlì tí ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ ajá àgbà ni kì í dìde nítorí ìbẹ̀rù àtiyọ̀ṣubú. A tún lè fọ́n díẹ̀ lára oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀ ká inú koríko, kí ó máa fi imú wá a. Imú ajá kì í tètè gbó bí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwákiri náà yóò mú un rìn, inú rẹ̀ yóò sì dùn sí i.

Sùúrù àti àkọsílẹ̀

Kí ajá máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan tó. Fún ajá oníkílò 36, èyí jẹ́ gíráàmù 360. Kílò 6 yóò nílò oṣù 4 sí 5, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún arúgbó. Kí a máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí ajá bá kéré, kí ènìyàn gbé e dání gun òṣùwọ̀n, kí ó sì yọ ìwọ̀n ti ara rẹ̀ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń ya gíráàfù lè ya ọ̀kan mọ́ ògiri ìdáná, kí gbogbo ilé máa rí bí ìlà náà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí kò fi ọkàn sí ìmọ̀ràn ẹnu máa ń fi ọkàn sí ohun tí wọ́n bá fi ojú rí.

Bí ìlà náà bá dúró sójú kan fún oṣù kan, ẹ tún mú ìwé ọjọ́ 7 yẹn jáde. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ kan ti padà sínú abọ́. Bí ó bá sì ń já wálẹ̀ kíákíá, tàbí tí ajá kọ oúnjẹ fún ju ọjọ́ kan lọ, tí ó ń bì, tí ó ń mu omi lámujù, tàbí tí ó ti ń rù kí a tó dín oúnjẹ rẹ̀ kù, àìsàn ni kí a fura sí, kí a má ṣe yọ̀ pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n tí ó yẹ, kí a má ṣe padà sí abọ́ àtijọ́. Dókítà yóò fi díẹ̀ kún ìpín rẹ̀, ife ìwọnjẹ àti agolo Ìyá àgbà yóò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10, ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa ní ìṣirò, ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè àti ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, a ti rí gbogbo ohun èlò tí iṣẹ́ yìí ń béèrè gbà. Kò sí ohun olówó iyebíye nínú wọn: ìwé kan, ife kan, agolo kan, okùn kan, àti ẹnì kan tí kò ní gbàgbé. Ajá tí ó fi ọdún mẹ́jọ ṣọ́ wa ní òru kò lè ka abọ́ ara rẹ̀. Àwa ni a lè bá a kà á.